Lẹ́tà Kan Ṣoṣo: Àrùn Ìgbàgbé, RNA àti Àwa Ará Ọ̀yìngbò

Ìtàn la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ ìtàn tí kò tíì parí ni.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọjà Ọ̀yìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Àwa tá a ń gbé níbí mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọkọ̀ ojú irin ń kó èrò láti Agbádo wá já sí Ọ̀yìngbò, bọ́ọ̀sì ń já tirẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó ń lọ kọlu ẹni tó ń bọ̀. Tó o bá dùbúlẹ̀ sílé lónìí, alátà ò ní béèrè ẹ. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà láyé tí òwe yìí ò bá mu rárá, ìyẹn ọjà ìwádìí oògùn. Níbẹ̀, tí ìran kan ò bá wá, wọ́n lè ṣe oògùn náà tán kó má bá ara ìran yẹn mu. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyẹn, pàápàá lórí oògùn tuntun tí wọ́n ń pè ní oògùn RNA àti àrùn tó ń jẹ́ kí àgbàlagbà gbàgbé orúkọ ọmọ tó bí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ wa. Láti Ọ̀yìngbò sí Harvey Road ní Yábàá, ọ̀nà ò jìn. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà, èyí tá a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé “Yaba left” nígbàkigbà tí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí i. Nígbà yẹn, ibi tí wọ́n ń kó alárùn ọpọlọ pa mọ́ sí ni, kì í ṣe ibi ìtọ́jú bíi tòní.

Ní ọdún 1907 yẹn kan náà, dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Alois Alzheimer gbé ìròyìn kan jáde nípa obìnrin tó ń jẹ́ Auguste Deter. Ọmọ ọdún 51 ni obìnrin náà nígbà tí wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn ní Frankfurt lọ́dún 1901. Iyè rẹ̀ ti ń ra, ó sì ń fura sí ọkọ rẹ̀ láìnídìí. Ó kú lọ́dún 1906. Alzheimer wo ọpọlọ rẹ̀ lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì rí nǹkan méjì: ìdọ̀tí tó dì sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti okùn tó lọ́ mọ́ra wọn nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì. Lónìí, a mọ̀ pé prótéènì tó ń jẹ́ amyloid ló wà nínú ìdọ̀tí yẹn, prótéènì tó ń jẹ́ tau ló sì wà nínú okùn yẹn. Ẹ fi tau yìí sọ́kàn, a máa padà bá a.

Ní ilé tiwa, a ò nílò dókítà ará Jámánì ká tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. A máa ń sọ pé “màámá ti ń ṣarán.” A máa ń sọ pé ọjọ́ orí ni, a ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ṣì sàn. Èyí tó burú ni tí ìyá arúgbó bá ṣìnà ládùúgbò, tí kò lè sọ ibi tó ti wá, tí àwọn èèyàn wá pé lé e lórí pé àjẹ́ tó já bọ́ ni. Ẹ̀yin náà ti rí irú fídíò bẹ́ẹ̀ lórí fóònù yín. Nítorí náà, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì àti prótéènì, ẹ má rò pé mò ń ṣe àṣehàn ìwé. Ẹ̀mí èèyàn ló wà nídìí ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà dókítà ọpọlọ àti iṣan tí Áfíríkà ní. Òun ló ṣiṣẹ́ gidi lórí bí ẹ̀gẹ́ tí wọn ò sè tàbí rẹ dáadáa ṣe ń ba iṣan ẹsẹ̀ àti ojú jẹ́. Ní ọdún 1992, òun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú Hugh Hendrie àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe: ṣé àrùn ìgbàgbé pọ̀ láàárín àgbàlagbà Yorùbá ní Ìbàdàn tó bó ṣe pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis?

Ìdìkan ni wọ́n lọ, àárín Ìbàdàn gan-an, wọ́n sì ń wọlé láti ojúlé dé ojúlé. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kọ́kọ́ fẹ́ dí wọn lọ́wọ́. Ẹni ọdún 65 sókè ni wọ́n ń wá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà yẹn ò ní ìwé ọjọ́ ìbí. (Ẹni tó bá pé ọdún 85 lọ́dún 1992, ọdún tí wọ́n ṣí ti Yábàá ni wọ́n bí i!) Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn wọn ọjọ́ orí. Ọ̀nà táwa náà mọ̀ ni: “Nígbà tí lágbájá jọba, ṣé o ti ń rìn?” Àkójọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan wà tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1963, àwọn ará Ìbàdàn sì yẹ̀ ẹ́ wò láti rí i pé ó ṣeé gbára lé. Ìtàn ìran wa ló di káńdà ìdíwọ̀n fún ìwádìí ìṣègùn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ìwé kíkà. Tó o bá bi ìyá tí kò lọ sílé ìwé rí ní ìbéèrè ilé ìwé, á fìdí rẹmi, wàá sì sọ pé iyè rẹ̀ ti ra. Torí náà, ìdánwò tí wọ́n lò ní apá méjì: wọ́n á bá àgbàlagbà náà sọ̀rọ̀, wọ́n á sì tún bá ẹni tó ń bá a gbé sọ̀rọ̀. Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe rí báyìí.

Ní ọdún 1995, èsì jáde. Ní Ìbàdàn, ìdá 2.29 nínú 100 àwọn àgbà ló ní àrùn ìgbàgbé. Ní Indianapolis, tí wọ́n bá ka àwọn tó wà nílé ìtọ́jú arúgbó mọ́ ọn, ó jẹ́ ìdá 8.24. Ọdún yẹn náà ni Osuntokun kú, àmọ́ iṣẹ́ ò dúró. Ní 2001, wọ́n gbé òmíràn jáde nípa iye àwọn tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní in lọ́dọọdún: ìdá 1.35 nínú 100 ní Ìbàdàn, ìdá 3.24 ní Indianapolis. Ó fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ará Indianapolis yẹn, ìran wọn ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wá.

Ohun tó wá rú gbogbo ayé lójú ni ọ̀rọ̀ apilẹ̀ àbùdá kan, ohun tá a ń pè ní jíìnì. APOE ni orúkọ rẹ̀, oríṣi rẹ̀ tó ń jẹ́ ε4 ló sì ń fa wàhálà. Láàárín àwọn òyìnbó, ẹni tó bá ní ε4 wà nínú ewu Alzheimer ju ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, wọ́n wá a, wọ́n rí i pé ε4 pọ̀ lára Yorùbá, síbẹ̀ wọn ò rí i kó fa àrùn náà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí wọ́n ti yẹ ọ̀pọ̀ èèyàn sí i wò, wọ́n sọ ọ́ lọ́dún 2014 pé ẹni tó bá gba ε4 lọ́dọ̀ bàbá tó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá ló ń wà nínú ewu. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan, kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kan.

Jíìnì kan náà, ewu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Báwo? Àwọn kan tọ́ka sí oúnjẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ ká jù nù. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan wà tó mú RNA lọ́wọ́, ó sì yẹ ká mọ ohun tí RNA jẹ́ ná.

Ká sọ pé ìyá olóúnjẹ kan wà tó ní bùkà ní Ọ̀yìngbò. Ó ní ìwé ńlá kan nílé tó kọ bí wọ́n ṣe ń se gbogbo oúnjẹ rẹ̀ sí. Ìwé yẹn kì í jáde ní yàrá láéláé. Láràárọ̀, wọ́n á da ojú ìwé kan kọ sínú bébà, ọmọ kan á sì gbé bébà náà sáré lọ sí bùkà. Àwọn tó ń dáná á kà á, wọ́n á sè é, tó bá yá, bébà yẹn á bọ́ sínú ìdọ̀tí. Ìwé tó wà ní yàrá ni DNA. Bébà tí ọmọ ń gbé sáré ni RNA. Oúnjẹ ni prótéènì. Bébà tó bá pọ̀, oúnjẹ á pọ̀. Bébà tó bá dín, oúnjẹ á dín.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà tí Moderna ṣe, tí Amẹ́ríkà fún Nàìjíríà ní mílíọ̀nù 4 rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, bébà láti ìta ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí bùkà yín. Katalin Karikó àti Drew Weissman gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2023 torí iṣẹ́ tó jẹ́ kí ara gba irú bébà bẹ́ẹ̀ láìbá a jà. Ṣùgbọ́n nípa àrùn ìgbàgbé, iṣẹ́ náà yàtọ̀. Èyí tó lọ jìnnà jù níbẹ̀ kì í ṣe ká fi bébà kún bébà. Ká dá bébà dúró lọ́nà ni, tàbí ká tún un ṣe kó tó dé bùkà.

Ẹ wá gbọ́ ìdáhùn tí mo ní lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ka RNA inú ọpọlọ àwọn mélòó kan tó ní ε4 tí wọ́n sì ti kú. Wọ́n rí i pé àwọn tí apá ibi tí APOE wà nínú DNA wọn ti Yúróòpù wá ń da bébà ε4 kọ púpọ̀ ju àwọn tí tiwọn ti Áfíríkà wá lọ. Ìwé kan náà ló wà ní yàrá, àmọ́ bébà tó ń jáde ò dọ́gba. Èèyàn tí wọ́n yẹ̀ wò ò pọ̀, torí náà mi ò ní sọ pé àlọ́ Ìdìkan ti já. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ohun tí ilé iṣẹ́ oògùn ń wá ọ̀nà láti ṣe, ìyẹn láti dín bébà kù, ó jọ pé ara àwọn kan lára wa ti ń ṣe é látọjọ́ tó ti pẹ́.

Báwo ni oògùn ṣe ń ṣe tiẹ̀? Ní ọdún 1978, Paul Zamecnik àti Mary Stephenson ní Harvard ṣe ègé DNA kékeré kan tí lẹ́tà rẹ̀ bá ti RNA kòkòrò àrùn kan mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu. Ó lẹ̀ mọ́ bébà yẹn, kòkòrò náà ò sì lè bí sí i mọ́. Àbá yẹn ló di oògùn tí wọ́n ń pè ní antisense. Ó pẹ́ kó tó wúlò, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ti sú. Àmọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2016, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Spinraza fún àwọn ọmọdé tí iṣan wọn ń kú, àrùn tó ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó pé ọdún méjì.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Spinraza, torí pé ọ̀nà tó gbà ń ṣiṣẹ́ máa wúlò fún wa láìpẹ́. Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ. Nínú ìwé rẹ̀, ó ti kọ ìsọkúsọ sáàárín: nọ́ńbà fóònù, gbèsè alátà, orúkọ ẹni tó fẹ́ ṣe ìkómọ. Ẹni tó ń dà á kọ á da gbogbo rẹ̀ kọ. Nítorí náà, ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú sáàsì tó ń gé ìsọkúsọ kúrò, tó sì ń lẹ ìyókù pọ̀ kí ọmọ tó gbé e jáde. Àmì kékeré ló ń wò kó tó mọ ibi tó máa gé. Tó bá ṣì í gé, bébà bàjẹ́. Nínú àwọn ọmọ yẹn, ẹni tó ń gé e ń gé ohun tó wúlò dànù. Spinraza ń lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀ kí sáàsì lè fò ó.

Oògùn yìí kì í ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ, nítorí náà inú omi ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gún un sí. Iye tí wọ́n dá lé e nígbà tó jáde jẹ́ 750,000 dọ́là fún ọdún àkọ́kọ́. Ẹ fúnra yín ṣẹ́ ẹ sí náírà, mi ò lè pè é.

Wọ́n wá ní ká gbìyànjú rẹ̀ fún àgbà. Kò rọrùn. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n dá ìdánwò tominersen dúró, ìyẹn oògùn irú èyí fún àrùn Huntington, nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ náà léraléra jù ń burú sí i ju àwọn tí kò gbà á lọ. Mo sọ èyí torí àwọn tó ń ta àgúnmu lórí WhatsApp máa ń sọ oògùn bí ẹni pé kì í ṣìnà.

Ní ọdún 2023, ìròyìn mìíràn dé. Catherine Mummery ní Lọ́ńdọ̀n àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi abẹ́rẹ́ tó ń dá bébà tau dúró ṣe ìdánwò pẹ̀lú àwọn èèyàn 46 tí Alzheimer wọn ò tíì le. Ẹ rántí tau, okùn inú ọpọlọ Auguste Deter. Láàárín àwọn tó gba oògùn náà jù, tau inú omi ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fi ju ìdajì lọ wálẹ̀. Bóyá oògùn náà á ṣèpalára ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe bóyá iyè á padà. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnì kan ti dín ohun tí Alzheimer rí lọ́dún 1906 kù láti orísun rẹ̀. Yúróòpù àti Kánádà ni wọ́n ti ṣe é.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Láti Ọ̀yìngbò, ẹ wọ mọ́tò lọ sí Ìdí-Àràbà, sí LUTH. Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo wà níbẹ̀. Àrùn Parkinson ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí, àrùn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó ń mú ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, tó sì máa ń fa ìgbàgbé fún ọ̀pọ̀ tó bá pẹ́ lára wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun àtàwọn dókítà káàkiri Nàìjíríà ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláìsàn tó fínnúfíndọ̀ gbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn, Mie Rizig ní Lọ́ńdọ̀n àtàwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì jáde láti ara àwọn èèyàn bíi 198,000 tí ìran wọn ti Áfíríkà wá, 1,488 nínú wọn ló ní Parkinson. Wọ́n rí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú jíìnì tó ń jẹ́ GBA1. Ibi tó yẹ kí T wà, G ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ẹyọ kan, ewu rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po kan àtààbọ̀. Ẹni tó ní méjì, ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀. Bí ìdajì àwọn tó ní Parkinson ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ní lẹ́tà yìí. Lára àwọn ará Yúróòpù àti Éṣíà, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i.

Ẹ gbọ́ èyí tó mú mi fò dìde lórí àga. Ní 2024, wọ́n ka RNA láti mọ ohun tí lẹ́tà yẹn ń ṣe. Inú ìsọkúsọ yẹn gan-an ló wà! Àmì tí oní-sáàsì ń wò ló bà jẹ́. Nítorí náà, ìsọkúsọ ń wà nínú bébà, àwọn tó ń dáná ò rí i kà, prótéènì tó ń kó ìdọ̀tí inú sẹ́ẹ̀lì ń dín kù. Àṣìṣe mìíràn nínú jíìnì yìí kan náà ti wà tí wọ́n mọ̀ pé ó ń fa ewu Parkinson, tó sì ń fa ewu oríṣi àrùn ìgbàgbé kan tí wọ́n ń pè ní Lewy body. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà sọ ọ́ pé ibi tí oògùn lè bá wọlé nìyí fún àwọn tí wọ́n ti pa tì. Kò tíì sí oògùn rẹ̀ o. Iṣẹ́ ṣì pọ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe inú RNA ni, a sì ti rí i pẹ̀lú Spinraza pé ọ̀rọ̀ oní-sáàsì ṣeé tún ṣe.

Ibí yìí ni òwe Ọ̀yìngbò ti yí padà. Oògùn RNA, lẹ́tà sí lẹ́tà ni wọ́n ń ṣe é. Tí wọ́n bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún wá àṣìṣe yìí lára àwọn ará Yúróòpù nìkan, wọn ò ní rí i, wọn ò sì ní ṣe oògùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí àwọn aláìsàn gbé kalẹ̀ nílé ìwòsàn wa ló jẹ́ kó hàn.

Àmọ́ ká rí i ká kà á kò túmọ̀ sí pé a máa rí i lò. Ní ọdún 2010, ìwé ìròyìn Nature gbé ìwádìí ńlá kan jáde lórí RNA. Sẹ́ẹ̀lì àwọn Yorùbá 69 láti Ìbàdàn ni wọ́n fi ṣe é, sẹ́ẹ̀lì tó ti wà ní Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà yẹn. Ṣé ẹ rí i? RNA wa wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìdánwò oògùn tau dé, a ò sí níbẹ̀. Lójú tèmi, ìwà àìdáa ni, kò sì yẹ ká máa fi ẹ̀rín bò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rufus Akinyemi àti Ogunniyi ní Ìbàdàn ti wà lára àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ ìwádìí kan báyìí tó ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án lórí àrùn ìgbàgbé yìí. Ìbéèrè tó yẹ kí ìjọba àti ilé iṣẹ́ oògùn dáhùn ni: tí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá di oògùn, èló ni wọ́n máa tà á fún ọmọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀, ta ló sì máa gún un ní ọ̀pá ẹ̀yìn ní Èkó?

Kí oògùn tó dé, àgbà wà nílé. Bí màámá bá ń bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí ó ń fi owó sí ibi tí kò rántí, tí ó ṣìnà láti ilé ìjọsìn tó ti ń lọ láti ogún ọdún, ẹ má sọ pé arán ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ àjẹ́. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Ẹ gbé e lọ sí Yábàá tàbí LUTH, kí ẹ sì bá a wọlé, torí bíi ti Ìdìkan, ẹni tó ń bá a gbé ni dókítà máa bi. Ẹ ṣí fóònù yín kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti òní: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó gbàgbé, ohun tó ṣì rántí.